Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fò Nínú Fourth Wing

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ka Fourth Wing, ìwé ìtàn àròsọ nípa àwọn tó ń gun dírágónì, tán nígbà àkọ́kọ́. Orí fóònù ni mo ti kà á. Mo ti paná yàrá, ojú ń ta mí, mo sì ń bá a lọ. Bí mo ṣe ń ṣí ewé ni mò ń fo ohunkóhun tí kò bá ti jẹ́ ìjà tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo pe àbúrò mi obìnrin tó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n kà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un: bí dírágónì ṣe balẹ̀, bí ọmọkùnrin yẹn ṣe jábọ́, ẹni tó dalẹ̀ àti ẹni tó kú. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ ìtàn náà fún yín?"

"Violet ni, ọmọbìnrin inú ìwé náà. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ojú ewé tó ṣáájú Orí Kìíní."

Mo padà síbẹ̀. Gbólóhùn díẹ̀ ló wà níbẹ̀, n kò sì ka ẹyọ kan nínú wọn. Wọ́n ní èdè Navarre, ìjọba tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀, pé Jesinia Neilwart, alábòójútó Ẹ̀ka Àwọn Akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ ogun Basgiath, ló fi òtítọ́ inú dà á kọ sí èdè òde òní. Wọ́n ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àti pé wọn kò yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà, kí wọ́n lè fi bu ọlá fún ìgboyà àwọn tó ti ṣubú.

Ìtàn tí mo rò pé ẹnu ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni mo ti ń gbọ́ ọ, ọwọ́ akọ̀wé ló ti kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dùn mí pé n kò rí i. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, mọ̀ pé Àkàrà-Oògùn kọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀. Ó wá bá ẹni tó ní ìwé àti kálàmù, ó ní kó jókòó, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun ṣe ń sọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ ọgbọ́n yẹn. Nígbà tó wọ aṣọ mìíràn wá, mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo tún ìwé náà kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun gbogbo tí mo fò nígbà àkọ́kọ́ ni mo dúró tì. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, mo sì máa tú àṣírí ìtàn náà títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tíì kà á, tó sì fẹ́ kí ó bá òun lójijì, kó lọ kà á kó tó padà wá.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Rebecca Yarros ló kọ ọ́, ọdún 2023 ló sì jáde. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ ìwé kan: Iron Flame tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Onyx Storm sì dé ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àgbàlagbà ni wọ́n kọ ọ́ fún, nítorí ìran ìfẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kà sétí ọmọdé. Violet Sorrengail, ọmọ ogún ọdún, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ múra láti di akọ̀wé bíi bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gágun, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Ẹ̀ka Àwọn Agundírágónì ni yóò wọ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ̀ka mẹ́rin ló wà ní Basgiath, ti agundírágónì, ti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, ti oníṣègùn àti ti akọ̀wé. Ní ti àwọn agundírágónì, kò sí pé ọmọ kò ṣe dáadáa kí wọ́n dá a padà sílé. Ẹni tí kò bá yege, òkú ni.

Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ wa, orúkọ méjì kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi. Asọ̀tàn arínúróde ni ẹni tó mọ inú àti òde gbogbo ẹ̀dá-ìtàn. Ojúmilóṣe ni ẹni tí nǹkan ṣojú rẹ̀, tó ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí. Ojúmilóṣe ni Yarros yàn, ó sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ bí Violet ṣe ń sọ ọ́. Violet kì í sọ pé "mo rìn lórí afárá." Ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "mò ń rìn," ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè, a kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré kà á. Ẹni tó ń sọ ìtàn fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń bọ̀, ta ni èmi tí n ó fi rora?

Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, ojúmilóṣe, ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹnìkan bá ní ojú òun ló ṣe, a máa ń gbà á gbọ́. Violet kò purọ́ fún wa lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó rí ló sọ. Àmọ́ ìtumọ̀ tó ń fún ohun tó rí, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ló fi kọ́ ọ láti kékeré, òun náà kò sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwé náà rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí afárá náà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i kedere. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Ẹ̀ka Àwọn Agundírágónì gbọ́dọ̀ kọjá lórí afárá òkúta tóóró kan tí kò ní ibi ìdìmú, ọ̀gbun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Kó tó kan Violet, ó ti rí i pé bàtà Rhiannon, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lórí àtẹ̀gùn, ń yọ̀. Ó bọ́ ẹyọ bàtà tirẹ̀ kan fún un, ó sì gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò ní yọ̀. N kò mọ bí òǹkọ̀wé ṣe lè fi ìwà wọ ẹ̀dá-ìtàn dáadáa ju báyìí lọ. Kò sọ fún wa pé Violet láàánú, kò sọ pé ó mòye. Ó kàn pín bàtà sí méjì. Dylan wà nítòsí, ọmọkùnrin tó gbé òrùka dání nítorí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fẹ́. Ojú ewé díẹ̀ lẹ́yìn náà, Dylan yọ̀, ó sì lọ.

Ó wá kan Violet. Ẹ̀rù ń bà á débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ gbé. Kí ló ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ tó ti há sórí nígbà tó ń múra ìdánwò àwọn akọ̀wé. Ó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀: ìjọba méjì ló wà lórí ilẹ̀ náà, Navarre àti Poromiel, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jagun láti 400 ọdún. Ó ń ka orúkọ ẹkùn, ó ń ka ohun tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, títí ó fi dé òdìkejì.

Nígbà àkọ́kọ́, ohun tí mo rò ni pé òǹkọ̀wé kàn wá ọ̀nà láti ṣàlàyé ibùdó-ìtàn fún wa ni. Ó sì ṣe é dáadáa: dípò kó jókòó máa ka máàpù fún wa, ó fi máàpù náà sí ẹnu ẹni tó wà láàárín ikú àti ìyè. Mo yìn ín fún ìyẹn, mo sì kọjá lọ. Ìgbà kejì ni ara mi tó bù máṣọ. Ohun tó ń kà yẹn, tó dì mú bí ẹni dì mọ́ okùn, ni irọ́ ìjọba wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ fún un ti yọ ohun tó ṣe pàtàkì jù kúrò. Ẹ̀kọ́ náà gbé e kọjá afárá ọjọ́ yẹn láìyẹ̀. Nígbà tí ìtàn fi máa parí, ẹ̀kọ́ kan náà yìí ló fẹ́ pa á.

Ibí ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn àyọlò tí mo fò. Lókè orí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wà tí wọ́n yọ láti inú ìwé kan ní ayé náà. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn wá láti inú ìwé òfin àwọn agundírágónì. Ohun tó wí ni pé bí dírágónì bá pàdánù ẹni tó ń gùn ún, àjálù ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gùn ún bá pàdánù dírágónì, òkú ni. Òmíràn wá láti inú ìwé tí Kaori tó ń kọ́ni nípa dírágónì kọ. Òmíràn wá láti inú ìwé atọ́nà kan tí Afendra kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ẹ̀dà tí ìjọba kò fọwọ́ sí ni. Lẹ́tà wà, òfin wà, ìwé ìtàn wà. Mo ti máa ń rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé yìí, ẹ̀rí ni wọ́n. Akọ̀wé ló kó wọn jọ, ó sì tò wọ́n síwájú ọ̀rọ̀ Violet bí ẹni to ìwé sórí tábìlì níwájú adájọ́. Tí ẹ bá ka ohun tí òfin wí, tí ẹ sì wá ka ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé wọn kì í sábà bá ara wọn mu.

Nínú àwọn àyọlò yẹn, ọ̀kan wà tó dùn mí jù pé mo fò ó. Brennan, ẹ̀gbọ́n Violet ọkùnrin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí olóògbé, ti kọ ìwé kékeré kan fún Mira àbúrò rẹ̀ nígbà tí òun náà ń bọ̀ ní Basgiath: ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún, ohun tí olùkọ́ kan kò ní sọ fún un. Mira tọ́jú rẹ̀, ó sì fún Violet ní ọjọ́ tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn máa ń jáde lókè àwọn orí kan. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ilẹ̀kùn ṣí, Brennan wọlé láàyè, ó sì kí Violet káàbọ̀ sínú ọ̀tẹ̀. Ẹnu yà mí nígbà àkọ́kọ́, ẹnu yíyà lásán. Ìgbà kejì, mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òkú tó ń gba àwọn àbúrò rẹ̀ nímọ̀ràn ni mo rò pé mò ń gbọ́, àṣé alààyè ni. Òǹkọ̀wé ti fi í sí ojú mi ní gbangba, lókè ojú ewé, níbi tí èèyàn kì í wò.

Ìtanilólobó tó pọ̀ nínú ìwé náà ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ Dain. Ọ̀rẹ́ Violet láti kékeré ni, ó sì ti wọ Basgiath ṣáájú rẹ̀. Agbára tí dírágónì rẹ̀ fún un ni pé bó bá fi ọwọ́ kan orí ẹni, ó lè rí ohun tí ẹni náà ti rí. Violet mọ̀. Ó sọ fún wa. Dain sì máa ń fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó máa ń di ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ mú nígbà tó bá ń tù ú nínú. Mo ka gbogbo rẹ̀ bí ìfẹ́, nítorí bí Violet ṣe kà á nìyẹn. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn tí Violet fẹ́ràn ti bọ́ sínú pàkúté nítorí ohun tí ọwọ́ yẹn jí lára rẹ̀. Kò sí ohun tí òǹkọ̀wé fi pamọ́. Ìtumọ̀ ni èmi àti Violet jọ ṣì.

Wọ́n sì ní kíláàsì kan tí wọ́n ti ń kọ́ ìtumọ̀! Ìyẹn ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìgbésí ayé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ojoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pé jọ síwájú máàpù ńlá kan, tí Devera tó jẹ́ agundírágónì àti Markham tó jẹ́ olórí àwọn akọ̀wé yóò ka ìròyìn ogun fún wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti béèrè ìbéèrè. Báwo ni ibẹ̀ ṣe ga tó? Kí ni àwọn ọ̀tá wá gbé? Kí ló dé tí wọ́n fi gba ibí wọlé? Violet mọ ọ̀nà ìbéèrè ju gbogbo wọn lọ. Mo ka àwọn ìran wọ̀nyí pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ilé ìwé. Ṣùgbọ́n kí ìròyìn tó dé iwájú wọn, àwọn kan ti gé e. O lè kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n ìbéèrè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí o bá ti gé ohun tó ń béèrè nípa rẹ̀, kò ní rí ọ mú. Mo rò pé èyí ni ohun tó burú jù tí Yarros ronú kàn nínú ìwé yìí, ó burú ju afárá lọ, ó burú ju iná ẹnu dírágónì lọ.

Kí ni wọ́n wá gé? Nígbà tí Violet wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ máa ń ka ìwé àlọ́ kan fún un. Nínú àlọ́ náà ni àwọn venin wà, àwọn ènìyàn tó ń fa agbára láti inú ilẹ̀ tààrà títí ilẹ̀ yóò fi kú, tí wọ́n sì ń dá ẹ̀dá tó jọ dírágónì sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní wyvern. Àlọ́ ọmọdé ni. Gbogbo ẹni tó gbọ́n mọ̀ pé kò sí wọn. Títí di ọjọ́ tí Violet fi ojú ara rẹ̀ rí wọn ní Resson, tí wọ́n ń pa ìlú run, tí àwọn tí wọ́n ti ní kó máa pè ní ọ̀tá sì ń bá wọn jà.

Ibí ni èdè wa ti ràn mí lọ́wọ́. Yorùbá ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. A ń pa àlọ́, a ń sọ ìtàn. Tí mo bá ní ìtàn ni, mo ń sọ fún ọ pé ó ṣẹlẹ̀. Tí mo bá ní àlọ́ ni, àwa méjèèjì ti jọ gbà pé a fẹ́ gbádùn ara wa, a ó fa ọgbọ́n yọ, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ọdún tàbí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí ìjọba Navarre ṣe ni pé wọ́n mú òtítọ́, wọ́n sì gbé e láti abẹ́ orúkọ kan sí abẹ́ èkejì. Wọn kò nílò láti jó ìwé náà. Wọ́n kàn pè é ní àlọ́. Bàbá Violet, akọ̀wé tó mọ ohun tó wà nínú ilé ìwé náà, kò bá ọmọ rẹ̀ jiyàn ìtàn. Ó ń pa àlọ́ fún un lálẹ́.

Èyí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Yarros. Ẹni tó ń kọ nípa agundírágónì lónìí, inú ilé tí Anne McCaffrey ti kọ́ ló ń gbé. Dragonflight jáde ní 1968. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀, "Weyr Search," ti jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1967, òun ló sì mú kí McCaffrey di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Hugo fún ìtàn àròsọ. Níbẹ̀ ni dírágónì ti ń bá ẹni tó ń gùn ún sọ̀rọ̀ lọ́kàn, tí ìdè wọn kì í tú. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi rántí rẹ̀ ni pé ewu kan wà ní Pern, ayé inú ìwé náà, ohun kan tó ń já bọ́ láti òfuurufú tó sì ń jẹ ohunkóhun tó bá kàn, tí a kò tíì rí fún 400 ọdún. Àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Orin àtijọ́ kan ni Lessa, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ti rí ohun tó gba ayé rẹ̀ là, orin tí gbogbo wọn ti ń kọ láìbéèrè ohun tó ń wí. Iye ọdún kan náà wà nínú ìwé méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, àmọ́ inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Ohun kan tí Yarros yí padà tún wà. Ní Pern, bí agundírágónì bá kú, dírágónì rẹ̀ á fò lọ sínú òfìfo, kò sì ní padà wá mọ́. Ní Navarre, dírágónì lè pẹ́ ju ẹni tó ń gùn ún lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè yè lẹ́yìn dírágónì rẹ̀. Ìyípadà kékeré yìí sọ irú ayé tí à ń kà nípa rẹ̀. Ní Basgiath, dírágónì kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ọmọ ènìyàn rí he. Dírágónì ló ń yan ènìyàn, ó sì lè jó ẹni tí kò bá wù ú níbi tó dúró sí. Nígbà tí Tairn dúdú, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lágbára jù, bá Violet sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn àgbàlagbà tí sùúrù rẹ̀ kò pọ̀ ló fi bá a sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ìfohunpènìyàn kọ́ ni mo kà á sí. Àwọn dírágónì yìí kò jọ ènìyàn, wọn kò sì ń gbìyànjú láti jọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tiwọn ni wọ́n ní, òfin tiwọn ni wọ́n ní, àṣírí tiwọn sì wà lọ́dọ̀ wọn.

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ ara Violet síwájú nítorí ó sún mọ́ mi jù. Oríkèé ara rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Èjìká rẹ̀ máa ń yẹ̀, orúnkún rẹ̀ máa ń yẹ̀, egungun rẹ̀ tètè ń ṣẹ́. Yarros ti sọ pé òun fúnra òun ní àìsàn Ehlers-Danlos, èyí tó ń mú kí iṣan tó so oríkèé pọ̀ máa rọ̀ ju bó ṣe yẹ, àti pé òun kọ Violet láti inú ohun tí òun mọ̀ lára. Kò pe orúkọ àìsàn náà nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi báńdéèjì di orúnkún ara rẹ̀ láàárọ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn yóò mọ̀ pé ẹni tó kọ èyí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń yẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ohùn tó máa ń ṣe kó tó yẹ̀, àti bí ènìyàn ṣe ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan láti mọ̀ bóyá ó ti lọ tàbí kò tíì lọ, mo ka èyí nínú ìwé náà, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìtàn, idán máa ń wo irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ sàn. Mo ń retí rẹ̀, ọkàn mi sì ti ń pòkúdu. Kò ṣẹlẹ̀. Dírágónì méjì ló yan Violet, Tairn àti Andarna kékeré aláwọ̀ wúrà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí. Agbára láti máa darí mànàmáná di tirẹ̀. Síbẹ̀, kò lè dúró lẹ́yìn Tairn bí àwọn yòókù ṣe ń dúró lẹ́yìn tiwọn. Ó ń já bọ́, Tairn ń hán an, ó tún ń já bọ́. Níkẹyìn, Xaden, ọmọkùnrin tí Violet nífẹ̀ẹ́, ṣe gàárì fún un. Gàárì lásán, awọ àti ìdè. Ojú kọ́kọ́ ti Violet nítorí ẹlòmíràn kì í lò ó. N kò lè sọ bí gàárì yẹn ṣe rí lọ́kàn mi tó. Ara rẹ̀ kò yí padà, ọ̀nà tó ń gbà jókòó ló yí padà.

Ẹ sì wo bó ṣe ń borí. Ìmọ̀ ìwé ni. Ó fi ohun tó mọ̀ nípa ewé àti olú kó àárẹ̀ bá àwọn tó fẹ́ bá a jà kí ọjọ́ ìjà tó pé. Nígbà tí kò lè gun òkè ìdánwò bí àwọn yòókù, ó wá ọ̀nà mìíràn gùn ún, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣèrú, ó sì ka ìwé òfin náà sí wọn létí títí wọ́n fi pa ẹnu mọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ já gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé, ọgbọ́n akọ̀wé ló fi wà láàyè láàárín àwọn jagunjagun. Akọ̀wé kọ́ ló ń fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé ló jẹ́.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára. Jack Barlowe, tó ń lépa ẹ̀mí Violet láti orí afárá, kò ní inú kankan. Ó burú nítorí ìtàn nílò ẹni burúkú. Àwọn ìlú tí ogun ń jó, a kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí iná kàn. Mo sì rò pé nígbà tí ìfẹ́ Violet àti Xaden bá ti gbóná, ó máa ń gba ojú ewé tó yẹ kó jẹ́ ti àṣírí tí à ń wá. Ìfẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò bí mi nínú. Xaden, ọmọ olórí ọ̀tẹ̀ tí wọ́n pa, ní àpá 107 lẹ́yìn, ọ̀kan fún ọmọ ọlọ́tẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún. Ìwé mìíràn nìyẹn, lára ènìyàn, níbi tí ìjọba kò lè gé e.

Xaden yìí ni Yarros gbé kálàmù fún ní orí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn odindi ìwé lójú Violet, májèlé ti dá a dùbúlẹ̀, ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Mo bínú sí i nígbà àkọ́kọ́, mo ní òfin tí ó fi lélẹ̀ ló rú. Nísinsìnyí mo rò pé ìgbà yẹn ló yẹ kó rú u. Ojúmilóṣe kan ti dé òpin ohun tí ojú rẹ̀ lè ṣe. Ó nílò ẹni tó wà ní òdìkejì irọ́ náà. Mo sì rántí Jesinia, tí kò gbọ́ràn, tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí a rí fìrí nínú yàrá ìwé, tó jẹ́ pé ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó ti di alábòójútó. Òun ló to ohùn méjèèjì pọ̀.

Àràárọ̀ ni akọ̀wé kan, Fitzgibbons, máa ń dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ka orúkọ àwọn tó kú. Ó ń kà á, ó ń pa ìwé dé, wọ́n ń lọ jẹun. Nígbà àkọ́kọ́, mo fò ó. Nígbà kejì, mo mú ìwé àjákọ kan, mo sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí mo ṣe ń bá wọn pàdé. Dylan ló ṣáájú. Kò pẹ́ tí ojú ewé kan fi kún, mo ṣí òmíràn. Nígbà tí mo dé ibi tí Liam Mairi ti kọ́kọ́ yọjú, ọmọkùnrin tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ Violet, tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ère igi kéékèèké nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, mo ti mọ̀ pé Resson ń dúró dè é. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbẹ́ igi rẹ̀. Mo dé bírò mi pa, mo sì rọra kà á.